Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI IṢẸ́: Nígbà tí a bá Gba Àga Lọ́wọ́ Alákòóso Ìlú

Ọ̀rọ̀ ilé ni a máa ń bá yín sọ ní ojú ewé yìí. Nítorí náà ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé a gbéra lónìí, a lọ sí Amẹ́ríkà, a sì ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣe àkóso ìlú níbẹ̀. Ẹ fi sùúrù bá wa lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó kan ilé tó ọ̀rọ̀ ẹni tí ń bọ́ ilé, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ní ilé ara rẹ̀ tàbí ní ilé aládùúgbò, mọ̀ dájú pé ìpọ́njú náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ojú a máa ti ni. Ẹsẹ̀ àlejò a máa dín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí àwọn ènìyàn ń dìde fún lánàá, lónìí a máa wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé gbà lọ sí ọjà. Àwọn àgbà wa ti wí pé ìgbà ìpọ́njú ni a ń mọ ọ̀rẹ́. A fẹ́ fi hàn yín lónìí bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kan ti ń gbìyànjú láti jẹ́ ọ̀rẹ́ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí a sì wò ó bóyá a ó rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà í ṣe. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, kì í ṣe méyọ̀ ni ó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn ará ìlú a dìbò yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ náà a sì gba ẹnìkan tí ó kọ́ iṣẹ́ àkóso, wọn a fi í ṣe alákòóso ìlú. Ìgbìmọ̀ ni ó ń pinnu ohun tí ìlú fẹ́. Alákòóso ni ó ń rí i pé a ṣe é. Òun ni ó ń tọ́jú ọ̀nà àti omi, òun ni ó ń rí sí kíkó ìdọ̀tí, òun ni ó ń ṣètò ìwé ìnáwó tí ìgbìmọ̀ yóò fi ọwọ́ sí, lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlú sì wà. Àwọn ìlú ńláńlá bí Phoenix, Dallas àti San Antonio wà lábẹ́ irú àkóso yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú kéékèèké tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Dallas, bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi ní òwúrọ̀, iṣẹ́ tí alákòóso ìlú ń bojú tó ni wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ títí ní ayé. Staunton, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni ó kọ́kọ́ gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1908. Orúkọ ẹni náà ni Charles Ashburner, ẹnjiníà sì ni. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1913, àgbàrá omi ńlá bo ìlú Dayton ní Ohio mọ́lẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 300. Nígbà tí omi fà tán, àwọn ará ìlú wò ó pé ó tó àkókò láti gba àkóso ìlú kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣèlú, kí a sì fi í lé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dìbò fún òfin tuntun, Henry Waite sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alákòóso níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914. Láti ìgbà náà ni òkìkí irú àkóso yìí ti kàn káàkiri.

Ní ìparí ọdún 1914 yìí kan náà ni àwọn alákòóso ìlú díẹ̀ pàdé ní Springfield, Ohio, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tí wọ́n sì fi Ashburner ṣe ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ni a mọ̀ lónìí sí ICMA. Ẹ kíyèsí i pé Ashburner tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Staunton ti wà ní Springfield nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ó ṣe alákòóso ní Norfolk, ó sì tún ṣe é ní Stockton ní ìpínlẹ̀ California. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ti hàn pé ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ yìí ti yan ìrìnkèrindò.

Níbí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Alákòóso ìlú kò ní sáà bí àwọn tí a dìbò yàn. Bí inú ìgbìmọ̀ bá ti dùn sí i tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ní ìlú tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn méje, bí mẹ́rin bá gbé ọwọ́ sókè ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé kan, iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Kò sì di dandan kí ó jẹ́ pé ó jalè tàbí pé ó ṣe ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ìbò ti mú àwọn tuntun wọlé, tí wọ́n sì ti ṣe ìlérí fún àwọn ará ìlú pé àwọn yóò lé ẹni tí àwọn bá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó kọ̀ láti gba ìbátan ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ sí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé owó omi lọ sókè; ìgbìmọ̀ ni ó pàṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ sí ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn ènìyàn ni ìbínú wọn dà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìròyìn ti wà nínú ìwé ìròyìn ìlú kí àwọn ọmọ tó jí. Àwọn ọmọ yóò lọ sí ilé ìwé láàárín àwọn ọmọ tí òbí wọn ti kà á. Ìyàwó, tàbí ọkọ bí ó bá jẹ́ obìnrin ni alákòóso náà, ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìlú yẹn, kò sì mọ̀ bóyá kí òun fi í sílẹ̀ tàbí kí òun dúró. Ohun tí ó sì burú jù ni èyí: olùkọ́ tí a lé ní ilé ìwé kan lè rí òmíràn ní òpópónà kejì, dókítà lè kúrò ní ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn láìṣí ilé. Ṣùgbọ́n alákòóso kan ṣoṣo ni ìlú kan í ní. Ẹni tí ó bá pàdánù iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìlú náà pẹ̀lú. Yóò ta ilé, yóò yọ ọmọ kúrò ní ilé ìwé, yóò fi ìjọ àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀, bí ó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè wí pé: Kí ó dìde, kí ó bá wọn jà. Kí ó ti àwọn tí ó kórìíra ọ̀tá rẹ̀ lẹ́yìn nígbà ìbò, kí ìgbìmọ̀ mìíràn lè dá a padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, nítorí òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè. Ní ọdún 1924 ni ẹgbẹ́ náà fi ọwọ́ sí òfin ìwà kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Òfin náà le. Ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ kópa nínú ìbò àwọn tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Bí ó bá gba iṣẹ́ ní ìlú kan, a retí pé kí ó lò tó ọdún méjì ó kéré tán, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà, nítorí pé ẹni tí ó dé lánàá tí ó sì lọ lónìí kò lè ṣe ìlú ní àǹfààní. Kò gbọdọ̀ wá iṣẹ́ lọ sí ìlú tí alákòóso kan ṣì ń jókòó lórí àga rẹ̀, tí kò tíì kéde pé òun ń lọ, tí a kò sì tíì sọ fún un pé a ó dá a dúró. Bí ebi ti wù kí ó máa pa ọmọ ẹgbẹ́ tí kò níṣẹ́ tó, kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú kejì láti wí pé: Ẹ lé ẹni tí ó wà níbẹ̀, èmi sàn jù ú lọ. Ẹni tí ó bá sì tẹ òfin náà lójú, ẹgbẹ́ lè bá a wí ní gbangba, ó sì lè lé e jáde pátápátá.

Bí a ti ń ka òfin wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan hàn sí wa kedere. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ọ̀nà mẹ́ta mọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀nà kan, ó kéré tán, tí yóò ṣí sílẹ̀ fún un. Bí a bá wí fún ènìyàn pé kí ó ṣe òtítọ́ títí dé ibi tí òtítọ́ yóò gbé gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, a kò gbọdọ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí oúnjẹ náà bọ́. A gbọ́ pé àwọn ènìyàn yìí mọ gbèsè náà, wọ́n sì ń san nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èkíní, wọn kì í gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí a lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fún ìwọ̀n àkókò tí òfin wọn là sílẹ̀. Ó lè dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: owó ẹgbẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí kò níṣẹ́ máa ń dáwọ́ rẹ̀ dúró, orúkọ rẹ̀ a sì ti ibẹ̀ sọnù. Níhìn-ín orúkọ náà kò sọnù. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwé tí a ń kọ àwọn iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ sí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé ńlá ọdọọdún bá dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kójọ láti ìpínlẹ̀ gbogbo, wọn a dárí owó ìwọlé jì í, kí ó lè jókòó láàárín wọn. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ń gbọ́ ìlú tí ń wá ènìyàn.

Èkejì, wọn a rán àgbàlagbà sí i. Láti àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ náà ti ṣètò àwọn alákòóso tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa bẹ àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ wò, àti àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ àwọn darandaran tí ń gun ẹṣin yí pápá ká láti wá ẹran tí ó ṣìnà ni a kọ́kọ́ fi pè wọ́n. Lónìí Àgbà Olùdámọ̀ràn ni à ń pè wọ́n. Wọn kì í gba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ ohun tí alẹ́ ọjọ́ ìpàdé bẹ́ẹ̀ í ṣe. Àgbà náà kò mú iṣẹ́ dání wá. Ó wá láti jókòó, láti gbọ́, láti wí pé: Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́, o kò sì ní jẹ́ ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a wo ìwé tí o fẹ́ kọ sí ìlú kejì. Àwa tí ó mọ iyì àgbà ní ilé wa kò ní fi ojú kékeré wo irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọn a máa kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti múra sílẹ̀ de ọjọ́ ibi nígbà tí ọjọ́ ṣì dára. Ẹgbẹ́ náà ti kọ àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè gbé síwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbà á. Nínú rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé, bí ìgbìmọ̀ bá dá a dúró láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀, wọn yóò san owó oṣù rẹ̀ fún àkókò kan, kí ilé rẹ̀ má baà dàrú nígbà tí ó bá ń wá òmíràn. Ọjọ́ ẹ̀rín ni a ń kọ ìwé náà. Ní ọjọ́ ẹkún, ta ni yóò fi ọwọ́ sí i?

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó. Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá lo ọdún mẹ́rin ní ìlú kan àti márùn-ún ní òmíràn lè má rí owó ìfẹ̀yìntì kan pàtó mú bọ̀, nítorí pé kò pẹ́ tó níbì kan. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ náà fi mú kí a dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1972, tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì lọ́nà tí yóò fi máa bá òṣìṣẹ́ rìn láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 2021 wọ́n yí orúkọ ilé iṣẹ́ náà padà sí MissionSquare Retirement. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìrìnkèrindò àwọn alákòóso ti wá di ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ipò adelé. Ìlú tí alákòóso rẹ̀ lọ lójijì kò lè wà láìní olórí iṣẹ́ títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn. Wọn a wá ẹni tí yóò dì í mú fún oṣù díẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò níṣẹ́ lè jẹ́ irú adelé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní ṣófo, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára iṣẹ́. Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

A kò ní tan yín jẹ kí a wí pé gbogbo rẹ̀ dára. Ẹgbẹ́ náà kò lè dá ènìyàn padà sórí àga tí a ti lé e kúrò, nítorí ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn ni ó ni àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Kò lè san owó ilé fún un títí láé. Ìrànlọ́wọ́ náà kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀. Ojútì yìí gan-an ni ó ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, tí yóò fi máa wọ aṣọ iṣẹ́ jáde ní òwúrọ̀ bí ẹni pé ó ṣì ní ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bo àrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, oníṣègùn wo ni yóò wò ó? Nítorí náà ohun kan wà tí ẹgbẹ́ kò lè ṣe, tí ilé nìkan lè ṣe. Ìyàwó tàbí ọkọ ni yóò wí pé: Jẹ́ kí a sọ fún wọn. Àwọn ọmọ ni yóò gbọ́ òtítọ́ náà lẹ́nu òbí wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí a kò tíì fi ojú ẹni ẹ̀tẹ́ wò nínú ilé ara rẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó lè gbé ojú sókè ní ìta.

Ẹ̀yin ará wa, àwa náà ní ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ akọ̀wé, ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. A mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹgbẹ́ wa, òfin kan wà tí a máa ń fi ìgbéraga kà: ẹni tí kò bá san owó fún oṣù báyìí-báyìí, kí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Òfin náà dára fún ẹni tí ó ní lọ́wọ́ tí ó sì ń ṣe ahun. Ǹjẹ́ a ti béèrè nípa ẹni tí kò ní rárá? Nígbà tí àga rẹ̀ ṣófo ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ìwé ìtanràn ni a fi ránṣẹ́ sí i, tàbí àgbàlagbà méjì? Bí akápò ẹgbẹ́ yín bá ń ka ìwé rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí i. Ẹ wo orúkọ tí a ti fà lá nínú rẹ̀, kí ẹnìkan nínú yín sì dìde lọ kan ilẹ̀kùn ilé ẹni náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kò di dandan kí ẹ mú owó lọ́wọ́.